Tíṣà Abúlé ní Ilẹ̀ Ìjẹ̀bú

Ní Skọ́tílándì, òfin ọdún 1696 ló sọ ọ́ di dandan fún àwọn onílẹ̀ láti kọ́ ilé ìwé ní àdúgbò wọn, kí wọ́n sì máa san owó olùkọ́. Ìjẹ̀bú-Igbó àti Àgọ́-Ìwòyè kò mọ irú òfin bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní 1892, àwọn ará ìlú fúnra wọn ló ń wá tíṣà kiri lọ́dọ̀ àwọn ìjọ. Ibẹ̀ ni mo rò pé iyì tíṣà abúlé ti wá, kì í ṣe inú ìwé tó kà, torí ọ̀pọ̀ wọn ò kọjá ìwé mẹ́fà. Owó ìkórè àti owó ilé ìwé táwọn òbí ń san ló ń gbé e ró. Ẹnì kan náà ló ń kọ́ ọmọ ní ABD láàárín ọ̀sẹ̀, tó ń wàásù lọ́jọ́ Àìkú, tó sì ń bá àgbẹ̀ kọ lẹ́tà sọ́mọ l'Ékòó. Ìlú tó ń bọ́ ọ lè bi í léèrè. Òun náà lè bá baálé wí.

Ẹnì kan lè sọ pé tíṣà yìí kọ́ ọmọ láti fojú tẹ́ńbẹ́lú Agẹmọ àti òrìṣà ilé bàbá wọn. Òótọ́ ni, n kò ní gbè é lẹ́sẹ̀. Àwọn Mùsùlùmí, tó pọ̀ rẹpẹtẹ n'Íjẹ̀bú, rí tiwọn pẹ̀lú: ọmọ wọn tó bá wọ ilé ìwé ṣọ́ọ̀ṣì lè gba orúkọ Kìrìsìtẹ́nì jáde. Ṣùgbọ́n aláìníyì kọ́ ló ń yí orúkọ ọmọ ọlọ́mọ padà.

Nínú àwọn àríwísí wọ̀nyí, ti owó ló wúwo jù. Ní 1926, Àlùfáà I. O. Ransome-Kuti, ọ̀gá Ijebu-Ode Grammar School, kó àwọn ọ̀gá ilé ìwé Ìjẹ̀bú jọ sínú ẹgbẹ́. Ní 1931, òun náà ló di ààrẹ àkọ́kọ́ ẹgbẹ́ olùkọ́ Nàìjíríà, NUT. Bí ìtọ́jú abúlé bá tó tíṣà, kí ló fẹ́ fi ẹgbẹ́ ṣe? Mo gbà: iyì pọ̀, owó ò sí. Nígbà tí ìjọba Awólọ́wọ̀ ní Agbègbè Ìwọ̀-Oòrùn sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye akẹ́kọ̀ọ́ Ìwọ̀-Oòrùn fò láti nǹkan bí 457,000 sí 811,000 lọ́dún kan ṣoṣo. Kò sí ìkórè tó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Àmọ́ nígbà náà, ọ̀dọ̀ ìjọba n'Ìbàdàn ni owó oṣù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá. Tíṣà kò nílò iṣu baálé mọ́, baálé náà kò sì lẹ́nu láti bi í pé kí ló dé tó fi pẹ́ dé kíláàsì.