Láti Èkó sí Lọ́ńdọ̀nù: Wákàtí Mélòó Ni?

Ẹ bi fóònù yín léèrè bí Èkó ṣe jìnnà sí Lọ́ńdọ̀nù tó. Yóò sọ fún yín pé ó tó nǹkan bí 5,000 kìlómítà lójú òfuurufú, àti pé bàálù tí kò bá yà níbì kankan yóò rìn ín ní bíi wákàtí mẹ́fà ààbọ̀. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n 5,000 kìlómítà yẹn ló ti wà láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀ kò tíì pẹ́ tí ó dé.

Ní 1936, ilé iṣẹ́ Imperial Airways mú ọ̀nà rẹ̀ dé Kánò, ó sì mú un dé Èkó lọ́dún kan náà. Ẹ wo máàpù. Ẹni tó bá wọ̀ ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù kò ní gba orí aṣálẹ̀ Sàhárà wálé tààrà. Yóò gba Íjíbítì, yóò tẹ̀lé odò Náílì dé Khartoum, ibẹ̀ ni yóò ti yí ojú sí ìwọ̀-oòrùn, sí Kánò, kó tó wá sọ̀ kalẹ̀ sí Èkó. Epo tí bàálù ìgbà náà lè gbé kò pọ̀, nítorí náà ibi tí epo bá wà ni ọ̀nà ń gbà. Ọjọ́ ni wọ́n fi ń ka ìrìn náà, kì í ṣe wákàtí.

Akẹ́kọ̀ọ́ wo ló lówó irú ìyẹn? Ọkọ̀ ojú omi ni tiwọn. Ojú omi ni Ládípọ̀ Ṣólàńkẹ́ gbà dé ìlú òyìnbó kó tó wà lára àwọn tó dá ẹgbẹ́ WASU sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1925. Kódà lẹ́yìn ogun, ọkọ̀ Aureol, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 1951, ń lo bíi ọ̀sẹ̀ méjì láti Liverpool sí Èkó. Ibí yìí ló máa ń dùn mí jù. Tẹlígíráàmù ń yára ju ènìyàn lọ. Bí bàbá bá kú nílé, ọmọ tó wà lókè òkun lè gbọ́ láàárín ọjọ́ kan tàbí méjì, ṣùgbọ́n kó tó dé Àpápá, ilẹ̀ ibojì bàbá ti gbẹ.

Lọ́jọ́ 29 oṣù Kẹrin, 1964, BOAC fi bàálù VC10 kó èrò fún ìgbà àkọ́kọ́. Lọ́ńdọ̀nù sí Èkó ni, kì í ṣe New York o! Irú pápákọ̀ òfuurufú tiwa, níbi tí ooru kì í ti í jẹ́ kí bàálù tètè gbéra, wà lára ohun tí wọ́n rò kí wọ́n tó ṣe é. Síbẹ̀, yíyà kò tán. VC10 ti Nigeria Airways tó já lulẹ̀ létí Èkó lọ́jọ́ 20 oṣù Kọkànlá, 1969, tí gbogbo ènìyàn 87 inú rẹ̀ kú, Lọ́ńdọ̀nù ló ti ń bọ̀. Ó ti yà ní Róòmù, ó ti yà ní Kánò. Bàálù òde òní kò fi bẹ́ẹ̀ yára ju ti ìgbà yẹn lọ. Yíyà ni wọ́n yọ kúrò.

Wákàtí mẹ́fà ààbọ̀, ó dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀gbọ́n ẹni bá kú sí Lọ́ńdọ̀nù lónìí, tí àbúrò rẹ̀ ní Èkó fẹ́ lọ bá wọn sin ín, físà ni yóò kọ́kọ́ wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń ní kí èèyàn fi retí èsì. Aureol ì bá ti gúnlẹ̀, ì bá sì ku ọ̀sẹ̀ kan.