Ohun Àtijọ́ Kò Pin sí Abẹ́ Ilẹ̀

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ní aṣọ tó àgbà, kò lè ní àkísà tó àgbà. Mo rí òtítọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé wa ní Gbàgádà nígbà ìsinmi tó kọjá, nígbà tí bàbá àgbà ní kí n bá àwọn tún àpótí àwọn tò. Mo rí aṣọ kan níbẹ̀ tí wọ́n tẹ ojú obìnrin sí. Kásẹ́ẹ̀tì fíìmù Aiyé, tí Olóyè Hubert Ògúndé ṣe ní ọdún 1979, wà lábẹ́ rẹ̀.

Mo béèrè pé, “Bàbá àgbà, ta ni obìnrin yìí?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. “Ìyá ọba ni. Ìgbà FESTAC ni mo rà á.”

Ìdíà, ìyá Ọba Esigie ti Bìní, ni wọ́n ń wí. Eyín erin ni wọ́n fi gbẹ́ ojú rẹ̀ ní nǹkan bí ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta ọdún sẹ́yìn. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì kó o lọ nígbà tí wọ́n kógun ja Bìní ní ọdún 1897. Nígbà tí Nàìjíríà fẹ́ yá a fún FESTAC ní ọdún 1977, wọ́n kọ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n ní ó ti gbó jù fún ìrìn àjò. Àwòrán rẹ̀ nìkan ló ṣe àjọ̀dún náà.

Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Eddie Ugbomah gbé fíìmù The Mask jáde. Nínú rẹ̀, ọmọ Nàìjíríà kan lọ sí Lọ́ńdọ̀nù láti jí ojú Ìdíà gbé wálé. Bàbá àgbà ní àwọn èèyàn pàtẹ́wọ́ títí ní gbọ̀ngàn lọ́jọ́ tí àwọn wò ó. Ohun tí a kò rí gbà lójú ayé, a gbà á nínú fíìmù.

Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n sọ ìparí fíìmù náà fún mi, ìparí méjèèjì kò sì bára mu. Mo wá fíìmù náà kí n lè mọ èyí tó jẹ́ òótọ́, n kò rí i. Kásẹ́ẹ̀tì Aiyé pàápàá ti hu èéhù, kò ṣeé wò mọ́.

Ohun tó dùn mí nìyẹn. Orin àti fíìmù tètè ń parun ju eyín erin lọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kejì ọdún 1977, ọjọ́ mẹ́fà péré lẹ́yìn FESTAC, àwọn sójà dáná sun ilé Fẹlá. Fẹlá ń ṣe fíìmù kan nípa ayé ara rẹ̀ nígbà náà, The Black President. Ohùn àti orin inú rẹ̀ bá iná lọ.

Síbẹ̀, ìrètí wà. Ní ọdún 1938, àwọn tó ń gbẹ́ ìpìlẹ̀ ilé ní agboolé Wúnmọníjẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ kan àwọn orí idẹ àtijọ́ lábẹ́ ilẹ̀. Ní àkókò tiwa yìí, wọ́n rí fíìmù Shaihu Umar ti ọdún 1976 nínú agolo tó ti dípẹtà ní Ìkòyí. Wọ́n tún un ṣe, wọ́n sì fi hàn ní Berlin ní ọdún 2018. Lójú tèmi, iṣẹ́ kan náà ni méjèèjì. Ọkọ́ ló hú tìfẹ̀ jáde, sùúrù ló hú tìkòyí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, a máa ń bínú pé àwọn òyìnbó kó ohun ìṣẹ̀ǹbáyé wa lọ, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló kó kásẹ́ẹ̀tì inú àpótí wa? Àwa fúnra wa la jẹ́ kó bàjẹ́. Mo ti ra ìwé kan báyìí. Mo kọ ìparí méjèèjì tí bàbá àgbà sọ sínú rẹ̀, mo sì kọ ọjọ́ tí wọ́n sọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rí fíìmù náà lọ́jọ́ kan, a ó mọ èyí tó jẹ́ òótọ́.