Ọtí Ìbílẹ̀ ní Ilẹ̀ Yewa: Láti Ìdí Ògùrọ̀ dé Ẹnubodè

Ní Ilobi àti àwọn ìlú tó yí i ká ní gúúsù Yewa, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, ọtí kì í wá bá ènìyàn nílé láyé àtijọ́. Ènìyàn ló ń lọ bá a níbi tó ti ń jáde. Odò Yewa ń ti àríwá bọ̀, ó ń la ilẹ̀ náà kọjá lọ sínú ọ̀sà Àgbádárìgì, ó sì ń sọ gbogbo ibi tó bá rọlẹ̀ di àbàtà. Inú àbàtà wọ̀nyí ni igi ògùrọ̀ ti ń ṣe dáadáa. Orí ilẹ̀ tó gbẹ ni ti ọ̀pẹ. Ara igi méjèèjì yìí ni ọtí tí tẹrútọmọ mọ̀ ní agbègbè náà ti ń wá: ti ọ̀pẹ ni ẹmu, ti èkejì sì ń jẹ́ orúkọ igi tó bí i, ògùrọ̀.

Bí wọ́n ṣe ń dá méjèèjì kò rí bákan náà. Adẹ́mu a fi igbà gun ọ̀pẹ tó dúró lóòró, a wá òdòdó akọ rí láàárín imọ̀, a fi ọ̀bẹ ṣí ojú rẹ̀, a ki ọparun tẹ́ẹ́rẹ́ bọ̀ ọ́, a sì so agbè mọ́ ọn. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ ni yóò máa padà gun ún, torí ojú ibi tí wọ́n gé máa ń dì. Àfi kó tún há díẹ̀ kúrò lára rẹ̀ kí omi tó máa kán lọ. Bí ó bá mọ iṣẹ́ rẹ̀, ọ̀pẹ náà kò ní kú, wọn yóò sì tún dá a lọ́dún mìíràn. Ti ògùrọ̀ yàtọ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni igi yìí ń yọ òdòdó láyé rẹ̀, lẹ́yìn náà ó di òkú igi, yálà wọ́n dá a tàbí wọn kò dá a. Adẹ́mu gbọ́dọ̀ dá àkókò tí òdòdó náà fẹ́ yọ mọ̀, kí ó sì gbẹ́ orí igi náà kí òdòdó tó jáde. Bó bá yá jù, omi kò ní tó nǹkan. Bó bá pẹ́ jù, igi ti ná agbára rẹ̀ sórí èso. Ẹni tó bá bọ́ sí àkókò rẹ̀ gan-an yóò máa gbe ògùrọ̀ lórí igi kan fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Lódìkejì bodè, ní orílẹ̀-èdè Benin, ọ̀nà kẹta wà. Níbẹ̀, wọ́n sábà máa ń wó ọ̀pẹ tó ti gbó lulẹ̀, wọn a gbẹ́ ihò sí ara rẹ̀ níbi tó dùbúlẹ̀ sí, omi a sì máa jáde títí igi yóò fi gbẹ. Lójú adẹ́mu tí baba rẹ̀ fi igbà lé lọ́wọ́, ìyẹn kì í ṣe ẹmu dídá rárá.

Omi tó kọ́kọ́ kán sínú agbè dùn bí omi ìrèké. Ṣúgà inú rẹ̀ tó nǹkan bí ìpín 10 sí 12 nínú 100. Àdídùn yìí kì í pẹ́. Ìwúkàrà tó wà nínú afẹ́fẹ́ àti èyí tó lẹ̀ mọ́ inú agbè láti àná yóò bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lójú ẹsẹ̀, ìdí nìyí tí àwọn adẹ́mu kì í fi fọ agbè wọn mọ́ tónítóní. Láàárín wákàtí mélòó kan, ẹmu ti ń hó. Kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú, agbára ọtí inú rẹ̀ ti tó ìpín 3 sí 5 nínú 100, bíi ti bíà. Bó bá di ọjọ́ kẹta, kíkan ló kù. Ohun tí kò ṣeé tọ́jú kò ṣeé kó lọ sọ́nà jíjìn, ìdí nìyẹn tí àwọn amu fi ń rìn lọ bá adẹ́mu létí oko, lábẹ́ àtíbàbà onímọ̀ọ̀pẹ, kí oòrùn tó mú tàbí lẹ́yìn iṣẹ́ ọjọ́. Adẹ́mu a kọ́kọ́ bu tirẹ̀ mu lójú gbogbo ènìyàn, kí wọ́n lè mọ̀ pé kò sí nǹkan kan níbẹ̀. A ta díẹ̀ sílẹ̀ fún àwọn tó ti lọ. Lẹ́yìn náà ni ahá yóò wá máa yí ká, ẹni tó kéré jù lọ ni yóò sì máa bù ú fún àgbà.

Ọtí ọkà jẹ́ ti àwọn obìnrin. Wọn a rẹ àgbàdo tàbí ọkà bàbà sínú omi títí yóò fi hù, wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a sè é, wọn a sẹ́ ẹ, wọn a sì fi í sílẹ̀ kó kan. Ti àgbàdo ni ṣẹ̀kẹ̀tẹ́. Òǹkọ̀wé ìtàn kò fi bẹ́ẹ̀ ka àwọn obìnrin yìí sí, bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ ọwọ́ wọn gan-an ni àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá padà wá bá lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún.

Ẹmu ní ipò tirẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn òrìṣà. Kò sí ẹni tó ń bọ Ògún láìbu ẹmu. Ọmọ Ọbàtálá kò sì gbọdọ̀ fi ẹnu kàn án, nítorí pé ẹmu ló kun òrìṣà náà lóorun nígbà tó yẹ kó dá ayé. Ilobi fúnra rẹ̀ wà lára àwọn ìlú tí ìtàn ń tọ́ka sí, pẹ̀lú Kétu, gẹ́gẹ́ bí orírun Gẹ̀lẹ̀dẹ́, eré tí àjọ UNESCO kéde ní 2001 gẹ́gẹ́ bí ọ̀kan lára ogún àgbáyé tí kò ṣeé fojú rénà. Níbi tí Gẹ̀lẹ̀dẹ́ bá ti jáde, àlejò a pọ̀. Níbi tí àlejò bá pọ̀, agbè ẹmu kì í jìnnà.

Ọtí òkèèrè ti wọ ilẹ̀ Yewa láti ìgbà òwò ẹrú, torí pé ibẹ̀ ni ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí etíkun gbà kọjá, yálà ẹrù ń lọ sí Àgbádárìgì tàbí sí Àjàṣẹ́ tí àwọn Òyìnbó ń pè ní Porto-Novo. Ọ̀nà yìí kan náà ni arìnrìn-àjò Òyìnbó, Hugh Clapperton, tọ̀ nígbà tó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ìparí 1825 tó sì ń lọ sí Ọ̀yọ́. Lẹ́yìn tí òwò ẹrú kásẹ̀ nílẹ̀, epo pupa àti ẹkùrọ́ rọ́pò rẹ̀, jíìnì láti Hamburg àti Rotterdam sì wà lára ohun tí àwọn oníṣòwò fi ń ra epo. Bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pẹ tó ń fún ará oko ní ẹmu lọ́fẹ̀ẹ́ ṣe tún di ohun tí wọ́n ń fi ra ọtí Òyìnbó.

Owó bodè tó wà lórí jíìnì yìí ló da nǹkan rú. Ní 1863, Gẹ̀ẹ́sì gba Àgbádárìgì mọ́ Èkó kí ọjà má bàa máa gba ibẹ̀ kọjá láìsanwó. Ní ọdún kan náà ni Faransé kọ́kọ́ fi Àjàṣẹ́ sábẹ́ ààbò rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ 1889, àwọn méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ààlà: Kétu bọ́ sọ́wọ́ Faransé, Ìláròó, Òkè-Ọ̀dàn àti Ilobi bọ́ sọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀jọ̀gbọ́n A. I. Asiwaju, ọmọ Ìmẹ̀kọ, ṣàlàyé nínú ìwé rẹ̀ tó jáde ní 1976 lórí ìwọ̀ oòrùn ilẹ̀ Yorùbá bí ààlà yìí ṣe gba àárín ẹbí àti ọmọ ìyá kọjá. Ní ti ọtí, àbájáde rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: ìhà tí owó bodè bá ti kéré ni ọtí yóò gbà wọlé. Fàyàwọ́ di iṣẹ́ tí bàbá ń kọ́ ọmọ.

Ṣáájú Ogun Àgbáyé Àkọ́kọ́, owó bodè orí ọtí tó nǹkan bí ìdajì owó tó ń wọlé fún ìjọba Gúúsù Nàìjíríà. Bíṣọ́ọ̀bù Herbert Tugwell àti Bíṣọ́ọ̀bù James Johnson pariwo títí pé jíìnì ń ba ìlú jẹ́, ìjọba sì gbé ìgbìmọ̀ ìwádìí kalẹ̀ ní 1909. Ìgbìmọ̀ náà kò rí ohun tó burú tó bẹ́ẹ̀. Ó ṣòro kí ìjọba rí aburú nínú ohun tó ń bọ́ ọ.

Àdéhùn Saint-Germain ti 1919 ló fòfin de jíìnì olówó pọ́ọ́kú. Èyí tó kù, owó bodè ń gun orí rẹ̀ sí i. Nígbà tí owó epo àti ẹkùrọ́ wá já wálẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1930, kò sí àgbẹ̀ tó lágbára àtira ìgò jíìnì kan mọ́. Ìgbà náà ni ọtí sísè gbilẹ̀ káàkiri gúúsù Nàìjíríà, wọ́n ń pè é ní ògógóró. Ní Benin, orúkọ rẹ̀ ni sodabi, ìtàn ibẹ̀ sì sọ pé ọmọ Allada kan, láti ìdílé Sodabi, tó jagun fún Faransé ní 1914 sí 1918, ló kọ́ iṣẹ́ náà bọ̀. Akpeteshie ni ti Gánà. Ọtí kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Ohun èlò rẹ̀ kò ju ohun tí ọwọ́ tálákà lè tó lọ. Wọn a jẹ́ kí ẹmu tàbí ògùrọ̀ kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọn a dà á sínú àgbá irin, wọn a dé e pinpin, wọn a sì dáná sí i nídìí. Páìpù bàbà kan jáde lórí àgbá náà, ó gba inú ọpọ́n tàbí ọkọ̀ ojú omi àlòkù tí wọ́n pọn omi tútù kún. Bí oru ọtí bá ti ń gba inú omi yìí kọjá ni yóò máa tutù, tí yóò di omi padà, tí yóò sì máa kán tó, tó sínú ìgò lẹ́nu páìpù. Olùsè a bu díẹ̀ sórí ilẹ̀, a ṣáná sí i: bó bá jó, ó dára; bó bá kọ iná, omi ti pọ̀ nínú rẹ̀. Omi tútù ni iṣẹ́ yìí ń jẹ jù, ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé etí odò àti inú àbàtà ni wọ́n ti ń ṣe é. Ibẹ̀ náà sì ni ẹsẹ̀ ọlọ́pàá kì í yá dé.

Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé jọ fòfin dè é. Wọ́n ní ó léwu fún ìlera, èyí kò sì jẹ́ irọ́ pátápátá, torí irin burúkú lè ba ọtí jẹ́. Àmọ́ ohun tó ká wọn lára jù ni pé ẹni tó ń mu ògógóró kò san kọ́bọ̀ owó bodè. Wọ́n ń kó àwọn olùsè lọ sí kóòtù, wọ́n ń bu owó ìtanràn fún wọn, wọ́n ń sọ wọ́n sẹ́wọ̀n. Iná kò kú nínú igbó. Lẹ́yìn òmìnira 1960, òfin náà kò kúrò nílẹ̀, wọ́n kàn ń fojú fo ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni.

Bíà ìgò dé ní tirẹ̀ láìsí wàhálà. Wọ́n dá ilé iṣẹ́ Nigerian Breweries sílẹ̀ ní 1946, ìgò Star àkọ́kọ́ sì jáde ní Èkó ní oṣù kẹfà 1949. Guinness ṣí tirẹ̀ sí Ìkẹjà ní 1962. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ fòfin de kíkó ọkà bálì wọlé, kò sì sí ohun tí àwọn ilé iṣẹ́ yìí rí ṣe ju kí wọ́n yíjú sí ọkà bàbà àti àgbàdo, ohun tí obìnrin ọlọ́tí ọkà ti ń lò láti ìgbà láéláé.

Ní ti ògógóró, ní oṣù kẹrin 2015, àwọn ènìyàn tó mu ún bẹ̀rẹ̀ sí í kú lójijì ní Òde-Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó. Lẹ́yìn náà ni ìpínlẹ̀ Rivers gba tirẹ̀. Ojú wọn a kọ́kọ́ fọ́, orí a máa fọ́ wọn, wọn kì í sì í pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Àyẹ̀wò fi hàn pé mẹ́táánólì ló wà nínú ohun tí wọ́n mu, májèlé tí àwọn ilé iṣẹ́ ń lò. Ní oṣù kẹfà ọdún náà, ìjọba àpapọ̀ tún fòfin de ògógóró jákèjádò orílẹ̀-èdè. Bẹ́ẹ̀, omi ọ̀pẹ tí wọ́n sè láìlú nǹkan kan mọ́ ọn kì í ní mẹ́táánólì tó lè pa ènìyàn nínú.

Òfin náà kò lé ọtí kúrò nílẹ̀ Yewa. Ògógóró ni wọ́n fi ń rẹ egbòogi tí àwọn oníparáagà ń tà ní gáréèjì. Ní ti ẹmu, kẹ́ẹ̀gì oníke ti lé agbè lọ, ọkọ̀ sì ń gbé e lọ bá àwọn amu nígboro. Àmọ́ kó tó débẹ̀, ọ̀pọ̀ ti bu omi àti ṣúgà lù ú. Àwọn onímọ̀ ní ilé ìwádìí FIIRO ní Òṣòdì àti ilé ìwádìí NIFOR nítòsí ìlú Benin ní Nàìjíríà ti fi iná díẹ̀ pa ìwúkàrà inú rẹ̀, wọ́n sì rọ ọ́ sínú ìgò. Ó ṣeé tọ́jú lóòótọ́, àmọ́ ẹni tó bá ti mu ti ìdí igi rí yóò mọ ìyàtọ̀. Ní apá ìparí àwọn ọdún 2010, ilé iṣẹ́ Pedro's ní Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í ta ògógóró nínú ìgò tó rẹwà, ní owó tó ju ti wisikí mìíràn lọ. Àwọn olówó ń rà á, kò sì sí ẹni tó ń lé wọn kiri.

Olùsè inú àbàtà Yewa kò ní ìwé àṣẹ ìjọba láti sè é, kò sì sí ẹni tó ń ràn án lọ́wọ́ láti gbà á. Bí ìjọba bá fẹ́ kí ikú irú ti 2015 dópin lóòótọ́, kí ó máa yẹ ọtí wò lọ́dọ̀ àwọn tó ń kó o jọ tí wọ́n ń lú u pọ̀, kí ó sì fún àwọn olùsè kéékèèké ní ìwé àṣẹ tí apá wọn ká. Òfin tó kàn dè é ti wà láti ayé Gẹ̀ẹ́sì, kò sì tíì pa iná kan.