Ohun Tó Ń Ṣe Abọ́yadé

"Ohun tó ń ṣe Abọ́yadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe." Ọya ni Abọ́yadé ń bọ, ìyọnu tó bá a kò sì yọ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kankan sílẹ̀. Iṣẹ́ àwọn tó ń fi ìràwọ̀ pulsar wá ìgbì òòfà (gravitational waves) ni mo fẹ́ fi òwe yìí yẹ̀ wò.

Pulsar jẹ́ òkú ìràwọ̀ tó ń pòyì bí òkòtó, tó ń ju ìtànṣán rédíò sí wa bó ti ń yí. Èyí tí wọ́n ń pè ní J0437−4715 ń yí ju ìgbà 170 lọ ní ìṣẹ́jú àáyá kan ṣoṣo, kì í sì í yẹ àdéhùn. Bí ìgbì òòfà bá kọjá, ìtànṣán á pẹ́ díẹ̀ tàbí kó yá díẹ̀. Ariwo, ìyẹn àṣìṣe tó ń wọ inú ìwọ̀n wa, náà sì lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ọ̀pọ̀ èèyàn gbà pé bí a bá wọn nǹkan léraléra, ariwo á pa ara rẹ̀ rẹ́. Bó ṣe rí nìyẹn fún ariwo funfun, irú èyí tí ẹ̀rọ ń dá sílẹ̀: àṣìṣe òní kò bá ti àná tan. Ariwo pupa kò rí bẹ́ẹ̀. Ti òní ń gun orí ti àná, bí ọdún sì ṣe ń pọ̀ ló ń ga sí i. Nígbà mìíràn, ojú ọ̀nà ló ti ń bá ìtànṣán: àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù tó wà láàárín ìràwọ̀ ń fà á sẹ́yìn, ìgbì rédíò tó gùn ni wọ́n sì ń fà jù, nítorí náà a lè dá a mọ̀. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, ara ìràwọ̀ ló ti wá, kò sì ní irú àmì bẹ́ẹ̀. Ariwo pupa yìí gan-an ni ìgbì òòfà fi ara jọ. Ìdí nìyí tí a kò fi lè gbọn ariwo dànù bí eruku; àfi ká fi ìṣirò ṣàpèjúwe ìwà ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ka gbogbo wọn sí oníwà kan náà lè rí ìgbì níbi tí kò sí.

Ọ̀rọ̀ yìí kò jìnnà sí Nàìjíríà bí àwọn kan ti rò. Sátẹ́láìtì ni aráàlú mọ NASRDA, àjọ ìwádìí òfuurufú Nàìjíríà tó wà ní Lugbe, Abuja, mọ́, láti ìgbà NigeriaSat-1 lọ́dún 2003. Ṣùgbọ́n Nsukka ni ilé ìwádìí rẹ̀ fún ìmọ̀ ìràwọ̀ wà. Ní Yunifásítì tó wà nílùú kan náà, A. E. Chukwude àti Johnson Urama tẹ ìwádìí jáde lọ́dún 2010 lórí àwọn ìfò kéékèèké nínú yíyí àwọn pulsar tí wọ́n ń ṣọ́ láti ibùdó awò rédíò Hartebeesthoek, South Africa. Irú ìfò bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tó ń bí ariwo pupa.

Ibi tí Abọ́yadé ti wọ̀ ọ́ nìyí: ohun tó lè ṣe gbogbo ìràwọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà ju ẹyọ kan lọ, bó sì ṣe ń ṣe wọ́n la fi ń dá a mọ̀. Bí aago wa bá ṣìnà, ọgbọọgba ló ń ṣe wọ́n. Bí a bá ṣi ibi tí Júpítà wà ṣírò, àárín ètò oòrùn tí a fi ń ka àkókò á yẹ̀: àwọn tó wà lápá kan á yá, àwọn tó kọjú sí wọn á pẹ́. Ti ìgbì òòfà, Hellings àti Downs ti ṣírò rẹ̀ lọ́dún 1983: ìràwọ̀ méjì tó sún mọ́ra ń fohùn ṣọ̀kan, àwọn tó fi nǹkan bíi dígírì 80 jìnnà síra ń takora, àwọn tó kọjú síra tún ń fohùn ṣọ̀kan díẹ̀.

Lọ́dún 2020, NANOGrav, ọ̀kan lára àwọn ẹgbẹ́ tó ń fi pulsar wá ìgbì yìí, rí ariwo kan náà lára ìràwọ̀ 45. Àmì Hellings àti Downs kò hàn, wọn kò sì pè é ní ìgbì. Ó di oṣù kẹfà ọdún 2023, pẹ̀lú ìràwọ̀ 67 àti ìwọ̀n ọdún 15, kí wọ́n tó ní ẹ̀rí rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí àwọn tó ń lo awò rédíò MeerKAT ní South Africa sì gbé ti ìràwọ̀ 83 jáde ní ìparí ọdún 2024, wọ́n rí i pé bí ẹ̀rí náà ṣe lágbára tó, ọwọ́ àpèjúwe tí èèyàn bá ṣe fún ariwo ló wà.