Ta Ni Ó Mọ Ilé Tí Ebi Wà?



Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù Kẹta ọdún 2020, ìjọba ìpínlẹ̀ Kàdúná pàṣẹ kónílé-ó-gbélé nítorí àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà, ó sì di oṣù Kẹfà kí wọ́n tó dẹ okùn rẹ̀. Àwa tí a mọ Badarawa mọ ohun tí irú àṣẹ bẹ́ẹ̀ jẹ́ níbẹ̀. Ẹni tí ń ti ọmọlanke, ẹni tí ń ránṣọ lẹ́nu ọ̀nà, obìnrin tí ń din àkàrà ní ìdájí, ohun tí ọwọ́ wọn bá bà lónìí ni wọn yóò jẹ lálẹ́. Ìjọba pín oúnjẹ. A kò ní sọ pé kò pín. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà ni ó wà lẹ́nu Yorùbá, Haúsá àti àwọn ará gúúsù Kàdúná: ọwọ́ ta ni ìrẹsì náà gbà kọjá?

Ní oṣù Kẹwàá ọdún kan náà, àwọn ènìyàn já ilẹ̀kùn ilé ìkẹ́rùsí ní Kàdúná, bí wọ́n ti ṣe ní Èkó àti ní ìlú mìíràn, wọ́n sì kó oúnjẹ ìrànwọ́ tí wọ́n bá níbẹ̀ lọ. Àwọn gómìnà ṣàlàyé pé wọ́n fi apá kan nínú rẹ̀ pamọ́ ni, bí àrùn náà bá tún padà wá. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ebi ń pa kò mọ̀, nítorí pé kò sí ẹni tí ó sọ fún un.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, oúnjẹ gbówó lórí ní Èkó. Láti 1941 ni ìjọba òyìnbó ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá iye owó lé gàrí àti oúnjẹ mìíràn. Captain A. P. Pullen ni wọ́n fi sí ìdí ètò náà, débi pé orúkọ rẹ̀ ni a fi ń pe àwọn ọjà tí ìjọba yà sọ́tọ̀ fún un. Èrò náà dára létí: kí òtòṣì lè ra gàrí ní iye tí agbára rẹ̀ ká. Ṣùgbọ́n iye tí ìjọba dá kéré sí iye tí àwọn obìnrin fi ń rà á lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ìgbèríko, ká má tíì sọ owó ọkọ̀. Ẹni tí ó bá tà á jù bẹ́ẹ̀ lọ, ilé ẹjọ́ ni. Gàrí sì sá kúrò lórí àtẹ, ó di ohun tí à ń tà ní kọ̀rọ̀. Ẹni tí a torí rẹ̀ ṣòfin gan-an ni kò rí gàrí rà.

Alimotu Pelewura, ẹlẹ́ja ní ọjà Erékò, ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọlọ́jà Èkó nígbà náà. Kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ẹgbẹẹgbẹ̀rún obìnrin ni ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ìjọba fi owó oṣù lọ̀ ọ́ pé kí ó wá bá àwọn mú ètò náà ṣẹ. Ó kọ̀ ọ́. Ohun tí àwọn obìnrin náà ń béèrè ni pé kí a fi oúnjẹ títà sílẹ̀ fún àwọn tí í ṣe iṣẹ́ wọn. Lójú tiwa, ibẹ̀ ni àṣìṣe ìjọba wà: owó ni wọ́n fi lọ̀ ọ́, wọn kò fi ọ̀ràn náà lọ̀ ọ́.

Ní Abẹ́òkúta, ìrẹsì ni wọ́n ń gbẹ́sẹ̀ lé lọ́wọ́ àwọn ọlọ́jà. Àwọn obìnrin náà gbé ẹjọ́ wọn lọ bá Fúnmiláyọ̀ Ransome-Kútì àti ẹgbẹ́ àwọn obìnrin ọ̀mọ̀wé tí ó dá sílẹ̀. Ẹgbẹ́ lọ bá ìjọba, ìjọba kò dáhùn. Wọ́n gbé e sínú ìwé ìròyìn ní 1945, kò sì pẹ́ tí ìgbẹ́sẹ̀lé náà fi dópin. Ní 1946 ni ẹgbẹ́ náà di Abeokuta Women's Union, tí ọlọ́jà àti ọ̀mọ̀wé jọ ń jókòó pọ̀ nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn òmìnira, ọ̀dá ńlá tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 1972 pa ẹran àti ohun ọ̀gbìn run ní apá àríwá. Láti inú ìrírí náà ni ìjọba ológun ti dá àjọ NERA sílẹ̀ ní 1976, fún ìrànwọ́ pàjáwìrì. NEMA ni ó rọ́pò rẹ̀ ní 1999.

A kò wí pé kí ìjọba yà kúrò lọ́nà o. Ní ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kejìlá ọdún 2024, ọmọ 35 ni ó kú nínú ìtẹ̀mọ́lẹ̀ níbi àríyá ọmọdé kan ní Ìbàdàn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀, ènìyàn mẹ́wàá kú níbi tí wọ́n ti ń pín oúnjẹ ní ọgbà ìjọ Kátólíìkì kan ní Maitama, Àbújá. Oore ni wọ́n fẹ́ ṣe níbi méjèèjì. Ẹgbẹ́ lè ní ìrẹsì, kí ó ní àánú, síbẹ̀ kò ní agbára láti ká èrò lọ́wọ́ kò lẹ́nu géètì. Ti ìjọba nìyẹn: ọlọ́pàá, dókítà nítòsí, ọkọ̀ tí yóò gbé oúnjẹ dé òpópónà kọ̀ọ̀kan kí ogunlọ́gọ̀ má baà péjọ síbì kan, àti ìwé tí a óò lẹ̀ mọ́ ògiri, tí ó sọ iye àpò tí ó wọlé àti iye tí ó jáde.

Orúkọ àwọn tí ebi ń pa ní tiwọn wà lọ́wọ́ àdúgbò. Ní Badarawa, mai unguwa mọ wọn. Ìmáàmù mọ àwọn tí sàká tọ́ sí. Àwọn ìyá ìjọ mọ opó tí ìtìjú kò jẹ́ kí ó jáde. Alájọ, tí àwọn Haúsá ń pe iṣẹ́ rẹ̀ ní adashi, mọ ẹni tí kò dá owó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó sì mọ ìdí rẹ̀. Ní gbogbo oṣù tí a fi wà nílé ní 2020, àwa kò gbọ́ pé òṣìṣẹ́ ìjọba kan kan ilẹ̀kùn alájọ láti béèrè.