Èkìtì Kò Ti Ifẹ̀ Wá Lọ́jọ́ Kan Ṣoṣo

Bí ẹ bá bi ọmọ ilé-ìwé ní Ìtàjí, Ọ̀yẹ́ tàbí Ìkọ̀lé bí Èkìtì ṣe bẹ̀rẹ̀, ìdáhùn kan náà ni ẹ óò gbọ́: ọmọ Odùduwà mẹ́rìndínlógún gba adé ní Ifẹ̀, wọ́n jọ gbéra, oníkálukú sì tẹ ìlú tirẹ̀ dó. Ìtàn yìí ni wọ́n ń kà níbi ọdún ìlú, òun náà ni wọ́n ń fín sára òkúta ìrántí. N kò sọ pé Ifẹ̀ kò kàn wá. Ẹjọ́ mi ni pé ìtàn náà ká ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìran kó sínú ọjọ́ kan, ó sì pa orúkọ àwọn tó tẹ ìlú dó lójú ogun rẹ́.

Ẹ wo Ayédé, tí kò jìnnà sí Ìtàjí. Àtá Ayédé wà lára àwọn ọba mẹ́rìndínlógún náà. Ṣùgbọ́n ní nǹkan bí ìdajì ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún ni Èṣùbíyì, jagunjagun ará Ìyè, kó àwọn tí ogun ti tú ká jọ, tó sì sọ wọ́n di ìlú kan. Nígbà yẹn, Odùduwà ti di ẹni àtayébáyé. Yemọja, òrìṣà odò tó jìnnà sí Èkìtì, ni òrìṣà ọba níbẹ̀. Kò sí ìtìjú kankan nínú èyí. Lójú tèmi, ẹni tó kó ìsáǹsá jọ, tó sì fún wọn ní odi àti ọba, yẹ kí a máa dárúkọ rẹ̀ sókè.

Samuel Johnson náà ka àwọn ọba Èkìtì sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921. Onítàjí, ọba Ìtàjí, wà níbẹ̀, Àtá wà níbẹ̀, ọba Àkúrẹ́ pẹ̀lú wà níbẹ̀. Lónìí, Àkúrẹ́ ni olú-ìlú Ìpínlẹ̀ Oǹdó, a kì í sì í ka Déjì, ọba rẹ̀, mọ́ àwọn ọba Èkìtì mọ́. Orúkọ ń yí, mẹ́rìndínlógún kò yí. Ẹni tó bá mọ̀ pé mẹ́rìndínlógún ni ojú odù, mẹ́rìndínlógún sì ni ikin ọwọ́ babaláwo, kò ní í ṣẹ̀ṣẹ̀ máa béèrè ìdí rẹ̀. Iye yẹn ni àwọn àgbà fi ń sọ pé nǹkan pé.

Ohun tó so àwọn ìlú yìí pọ̀ ni ìyà tí wọ́n jọ jẹ lábẹ́ Ìbàdàn. Lẹ́yìn tí Fábùnmi pa àjẹ́lẹ̀ Ìbàdàn ní Òkè-Ìmẹ̀sí ní 1878, Èkìtìparapọ̀, ẹgbẹ́ ogun àwọn ìlú yìí àti alájọṣe wọn, gbé ogun ti Ìbàdàn, Ògèdèǹgbé ará Iléṣà sì ṣe olórí ogun wọn títí tí wọ́n fi tọwọ́ bọ àdéhùn àlàáfíà ogun náà, tí wọ́n ń pè ní Kírìjì, ní 23 Oṣù Kẹsàn-án, 1886. Ìpínlẹ̀ Èkìtì pàápàá kò bọ́ láti ọ̀run. Àwọn kan wà tó ń sọ pé Abacha, olórí ìjọba ológun ìgbà náà, ló fi í ta wá lọ́rẹ ní 1 Oṣù Kẹwàá, 1996. Wọ́n gbàgbé ìgbìmọ̀ ìdásílẹ̀ ìpínlẹ̀ náà, tí Olóyè Déjì Fásùàn ṣe alága rẹ̀, tó kọ̀wé, tó rìn, tó bẹ̀bẹ̀ kí ọjọ́ náà tó pé. Ìjọba ìbílẹ̀ 12 ni Èkìtì ní lábẹ́ Oǹdó. Wọ́n gé mẹ́rin mìíràn jáde lára wọn kó tó di 16.

Nítorí náà, kí wọ́n tó fín òkúta mìíràn sí ẹnu ọ̀nà ìlú kankan ní Àríwá Èkìtì, kí wọ́n pe olórí àdúgbò kọ̀ọ̀kan jókòó, kí wọ́n bi í léèrè ibi tí àwọn baba rẹ̀ ti wá, ogun wo ló lé wọn, ta ló sì gbà wọ́n wọlé. Kí wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sí i. Bí àyè kò bá tó, kí wọ́n fi òkúta tó tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ ṣe é.