Àwọn Agbábọ́ọ̀lù 1949: Ta Ló Ṣì Ń Rántí Wọn?

Jẹ́ríkò, n'Íbàdàn, ni mo ti ń kọ èyí. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń gba ibí kọjá mọ igi ńláńlá àti ọgbà fẹ̀ẹ̀fẹ̀ẹ̀ tó wà ńbẹ̀. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀ ni pé àwọn òyìnbó ni ìjọba amúnisìn ya àdúgbò yìí sọ́tọ̀ fún. Èèyàn dúdú tó bá wọ ibẹ̀, iṣẹ́ ló sábà máa ń bá wá: kúùkù, awakọ̀ tàbí ọlọ́dẹ.

Lóṣù kejì ọdún 1947, òtẹ́ẹ̀lì Bristol l'Ékòó kọ̀ láti gba Ivor Cummings, òṣìṣẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tí bàbá rẹ̀ jẹ́ ọmọ Sierra Leone, torí àwọ̀ ara rẹ̀. Ariwo ta, ìjọba sì pàṣẹ pé kí irú ìyàsọ́tọ̀ bẹ́ẹ̀ dópin.

Lóṣù kẹrin ọdún yẹn kan náà, Jackie Robinson wọ pápá fún Brooklyn Dodgers l'Amẹ́ríkà. Bésíbọ́ọ̀lù ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀, eré tí wọ́n ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù. Ó ti lé ní àádọ́ta ọdún tí wọn ò ti jẹ́ kí èèyàn dúdú bá àwọn òyìnbó ṣe é nínú líìgì ńlá, làwọn aláwọ̀ dúdú bá dá líìgì tiwọn sílẹ̀.

Ní December 2020, àjọ MLB gbà pé líìgì méje tí àwọn aláwọ̀ dúdú ṣe láàárín 1920 sí 1948 kì í ṣe líìgì kékeré. Ní May 2024, wọ́n da àkọsílẹ̀ wọn pọ̀ mọ́ ti gbogbo èèyàn. Ọjọ́ yẹn ni Josh Gibson, pẹ̀lú .372, kọjá Ty Cobb tó ní .367. Àmọ́ Gibson ti kú láti January 1947, kò gbá bọ́ọ̀lù kankan rí nínú líìgì ńlá.

Tiwa ńkọ́?

Lóṣù kẹjọ ọdún 1949, agbábọ́ọ̀lù méjìdínlógún wọ ọkọ̀ ojú omi Apapa lọ sí Liverpool. Etim Henshaw ni balógun wọn. Sam Ibiam, Titus Okere, Dan Anyiam àti Tesilimi Balogun wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ló fẹsẹ̀ lásán gbá bọ́ọ̀lù níwájú àwọn òyìnbó tó wọ bàtà. Wọ́n na Marine 5-2 nínú ìdíje àkọ́kọ́. Nínú mẹ́sàn-án tí wọ́n gbá, wọ́n borí nínú méjì, wọ́n ta ọ̀mì méjì, wọ́n pàdánù márùn-ún.

Nígbà tí wọ́n ń bọ̀ wálé, wọ́n yà ní Freetown, wọ́n na Sierra Leone 2-0 ní October 8, 1949. Ìyẹn ni ìdíje àkọ́kọ́ tí orílẹ̀-èdè wa bá orílẹ̀-èdè mìíràn gbá. Ibẹ̀ ni ìtàn Super Eagles ti bẹ̀rẹ̀ o.

Balogun padà sí England, ó gbá bọ́ọ̀lù fún Peterborough United àti Queens Park Rangers. Ó kú ní 1972. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ pápá ìṣeré kan ní Surulere. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo bi àwọn ọmọkùnrin mẹ́rin tó ń gbá bọ́ọ̀lù nítòsí ilé mi pé ta ni Teslim Balogun. Mẹ́ta ní, "Ṣé kì í ṣe stadium ni?" Ti àwọn mẹ́tàdínlógún yòókù wá ńkọ́?

Àwọn àgbà ní bí ọmọdé ò bá bá ìtàn, á bá àrọ́bá. Ẹni tó máa sọ àrọ́bá yẹn ló ń tán lọ. Ní Amẹ́ríkà, àwọn olùwádìí ló jókòó ti ìwé ìròyìn àtijọ́, tí wọ́n ń ka gọngọ iye tí ẹnì kọ̀ọ̀kan gbá, kí àjọ tó lè rí nǹkan kọ sílẹ̀.

Torí náà, bí bàbá àgbà yín bá gbá bọ́ọ̀lù rí, ẹ wá fọ́tò rẹ̀. Ẹ yà á sórí fóònù. Ẹ béèrè orúkọ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ àti ọdún tí wọ́n yà á, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lónìí.